Ibi Tí Ẹ̀rọ Wa Ríran Dé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì kejì ní girama ni mo dé kí bàbá mi tó kú, àti láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá ti mọ́ lára pé kí wọ́n máa pe ọ̀rọ̀ fún òun, kí wọ́n máa sọ fún òun pé fa ìlà síbí, fo ìlà kan níbẹ̀, kì í tètè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku òun nìkan. Màá kàn sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹni tí mo ń kọ̀wé fún, ní Ìgbó-Ọrà. Ìṣirò ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ kó tó fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún rọ. Ó ń fi òsì jẹun, ó ń fi òsì ka tẹ̀súbáà, ṣùgbọ́n òsì náà kò lè kọ̀wé. Agboolé kan náà ni ìyá mi àti ìyàwó rẹ̀ ti jáde, bí mo ṣe dé ilé rẹ̀ nìyẹn. Mo ń gbálẹ̀, mo ń pọnmi, mo sì ń kọ̀wé.

Ohun tí mo ń kọ kì í ṣe lẹ́tà. Bàbá fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì. Eré orí pátákó ni, ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà lórí rẹ̀, ọba méjì ló sì ń gbógun ti ara wọn níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ayaba rẹ̀, ẹṣin rẹ̀, ilé ìṣọ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹni tó bá ká ọba ẹnì kejì mọ́ ló borí. Nígbà tí àwọn ọdún ọgọ́rin ń lọ sópin, ọmọ Bàbá tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí i. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì ni òun náà, àmọ́ ó ń ronú. Bí ènìyàn bá gbé ẹṣin, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé kan, iná kéékèèké yóò tàn létí pátákó láti fi ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ rìn hàn. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ tí nọ́ńbà máa ń yọ nínú rẹ̀. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú nọ́ńbà náà, a jẹ́ pé ìrìn tí a bi í léèrè kò dára, ẹni tó bá rìn ín yóò pàdánù.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò lè kọjá níwájú rẹ̀. Kò pariwo, kò mì. Iná rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú bí ẹyinná tí eérú fẹ́ bò. Mo bi Bàbá pé kí ló ń ṣe. Ó ní ó ń ronú, kí n rọra gbálẹ̀.

Ìrun ni a fi ń ka àkókò fún un. Lẹ́yìn tí Bàbá bá kírun Àsùbáà tán, yóò to àwọn ọmọ orí pátákó bó ṣe fẹ́, yóò bi ẹ̀rọ léèrè nípa ìrìn kan ṣoṣo, a ó sì fi sílẹ̀ kó máa rò ó. Bí Àìlà bá dé, màá lọ wo gíláàsì, màá kọ ohun tó wí sílẹ̀, òfo bí àmì ìyọkúrò bá wà níbẹ̀. Màá tún wò ó ní Alásárì, ní Màgàríbì, àti ní Àìṣá. Ìgbà mìíràn, ohun tó sọ ní Àìlà kọ́ ni yóò sọ ní Alásárì, Bàbá á sì ní ẹ wò ó bó ṣe ń túúbá. Ṣùgbọ́n bí ìrun mẹ́rin bá kọjá tí ẹnu rẹ̀ kò yí, tí àmì ìyọkúrò kò kúrò níwájú nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọjọ́ kejì, màá fi báírò pupa kọ ìrìn náà sínú ìwé. Bí bátìrì bá ń rẹ̀, orí páànù ni mo ń sá a sí, ẹ̀gbẹ́ èlùbọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan kí ìrìn mẹ́ta tó wọlé. Ọdún lé ọdún, ìwé náà di mẹ́rin, gbogbo wọn nípọn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gba ìwé yẹn gbọ́. Mi ò tíì rí ohun tó ń fi odindi ọjọ́ ronú láìjẹun, láìsùn, tí kò sì bínú. Mo rò pé ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá sọ, ìdí ọ̀rọ̀ ló ti hú u jáde.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin bíi márùn-ún mẹ́fà máa ń wá ta ṣẹ́ẹ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá, lórí pátákó onígi lásán. Òfin kan ni Bàbá ṣe fún wọn: ìrìn tó bá ti wà ní pupa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn ín níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rìn ín yóò dìde fún ẹlòmíràn. Wọ́n fara mọ́ ọn. Wọ́n tiẹ̀ ń fi í bú ara wọn. Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ lásán, wọn á ní, "Ẹ fi èyí sí pupa o."

Káfíńtà kan wà láàárín wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìdèrè. Ikán ló mú un wọlé tọ̀ wá. Ikán jẹ ẹṣin kan lára àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì Bàbá, wọ́n sì ní kí káfíńtà gbẹ́ òmíràn. Ó jókòó, ó bèèrè bí ẹṣin náà ṣe ń rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè gbẹ́ ohun tí òun kò mọ ìrìn rẹ̀. Nígbà tó fi gbẹ́ ẹṣin tán, ó ti mọ eré náà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó kọ́ ọ kò lè nà án mọ́. Òun ló kọ́ èmi náà. Èmi tí mò ń kọ ìwé láti òwúrọ̀ dalẹ́, mi ò mọ ohun tí mò ń kọ, ojú sì ń tì mí láti bèèrè. Ó rí i pé mo máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò pè mí jáde. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rìn sókè díẹ̀, kí n lè máa gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Bàbá ń ta. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Káfíńtà ro nǹkan títí, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀. Awakọ̀ kan ní, "Káfíńtà, ìwọ àti pákó lẹ mọ ara yín. Fi ogun sílẹ̀ fún wa."

Ó dá a lóhùn láì gbójú sókè pé, "Pákó ni wọ́n fi gbẹ́ ogun náà."

Ló bá gbé ẹṣin rẹ̀, ó fi ṣètùtù. Ó gbé e lọ síwájú ọba Bàbá gan-an, níbi tí ọmọ ogun lásán lè pa á. Bàbá kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó pè mí, ó ní kí n mú ìwé kejì wá.

Ó wà níbẹ̀, ní pupa. Mo ti kọ ọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Bàbá ní kí n kà á síta. Mo kà á: ẹṣin sí ibí báyìí, Àìlà, òfo, Alásárì, òfo, Màgàríbì, òfo, Àìṣá, òfo.

Káfíńtà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká ta á dópin. Bí mo bá pàdánù, èmi fúnra mi ni màá dìde."

Bàbá ní, "Ohun tó rò ó fún ìrun mẹ́rin ti sọ tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó nìwọ rò ó?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní òpè ni òpè ń jẹ́, bó bá gbẹ́ ẹṣin ogún. Káfíńtà kò wo ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ló wò, bí ẹni tí ohùn mi ṣì wà létí rẹ̀. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kí Bàbá pé ó dàárọ̀. Kò padà wá mọ́. Bí mo bá ní iṣẹ́ tó kọjá lójú ọ̀nà Ìdèrè, ìdojúbolẹ̀ ni mo fi ń kọjá.

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ara Bàbá kò dá mọ́. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tẹ àwọn ìwé mẹ́rin náà, kí wọ́n dì í pọ̀, kí wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ tí òun ti ṣiṣẹ́, kí òun tó lọ. Ohun tó kù tó ń fẹ́ láyé kò ju ìyẹn lọ, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ kan ń gbé ní Èrúwà, olùkọ́ ni òun náà, ó sì ti ra kọ̀ǹpútà sílé. Ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí n ṣáà wá máa ka ọwọ́ ìwé mi fún òun.

Ọjọ́ ọjà Lánlátẹ̀ ni mo lọ. Ẹ̀yìn takisí ni mo wà láàárín àwọn obìnrin tó gbé gààrí, ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí itan mi nínú gèlè tí mo fi dì wọ́n. Ilé olùkọ́ náà kò jìnnà sí ibi tí mo sọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n jókòó, ó fún mi lómi tútù. Ó bu ọlá fún ìwé náà. Ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó ṣí i.

Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ pupa. Mo ṣàlàyé. Ó mi orí, ó ní òun ní ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì nínú kọ̀ǹpútà òun náà, jẹ́ ká bi í ní ọ̀kan. Kò ní in lọ́kàn láti dán Bàbá wò. Ó kàn dà bí ẹni tó rí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, tó fẹ́ kí wọ́n kí ara wọn. Ìwé kejì ló ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ibi tí ìka rẹ̀ bọ́ sí ni ẹṣin káfíńtà.

Mi ò lè sọ ohun tí mo rí bó ṣe yẹ. Pátákó yọ lójú gíláàsì ńlá tó wà lára kọ̀ǹpútà náà, olùkọ́ to àwọn ọmọ sórí rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan. Àwọn nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Èyí tó kọ́kọ́ yọ ní àmì ìyọkúrò níwájú, nọ́ńbà tiwa gan-an ni. Ọkàn mi balẹ̀. Kí n tó mí, ó ti kúrò níbẹ̀. Àmì náà ṣì wà, ó ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, ó pòórá. Nọ́ńbà náà dé òdo, ó kọjá òdo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sí ọ̀dọ̀ káfíńtà, kò sì sọ̀ mọ́.

Ibi tí ẹ̀rọ wa ń dé ní Àìṣá, lẹ́yìn odindi ọjọ́ àti bátìrì tí mo sá lóòrùn, ẹnu ọ̀nà ni fún èyí. Ó gba ibẹ̀ kọjá láì dúró. Ní ilé kéwú, wọ́n kọ́ wa pé sánmọ̀ wà lórí sánmọ̀, méje ni. Mo ti há a sórí láti kékeré, àmọ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbójú sókè bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo pè ní òrùlé, ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ ni.

Olùkọ́ náà bi kọ̀ǹpútà ní mẹ́jọ sí i. Àwọn mìíràn dúró bí a ti kọ wọ́n, àwọn mìíràn wó. Mo sọ fún un pé Bàbá kì í purọ́.

Ó ní, "Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó purọ́. Ibi tí ojú ẹ̀rọ yín ríran dé ló sọ." Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ṣí, ó kó bébà jáde, ó ju ogún lọ, ọwọ́ ìwé òun fúnra rẹ̀ ló wà lára wọn, ó sì ti fa igi dábùú ọ̀pọ̀ wọn. Ó ní iṣẹ́ tí òun fi ẹni inú kọ̀ǹpútà tí òun ń lò ní èṣín ṣe nìyẹn. Ẹnu oṣù díẹ̀ tí òun gba tuntun, tuntun náà ti sọ ti èṣín di òpè.

Èmi kì í bi ẹni tó jù mí lọ ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n mo rí i pé mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Èyí tó wà níwájú yín yìí ńkọ́, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí tí yóò pe òun náà ní òpè ti wà lọ́nà."

Ó wá bi mí pé ta ló ronú kan ẹṣin náà. Mo ní káfíńtà kan ni. Ó bèèrè irú ẹ̀rọ tí káfíńtà ń lò. Mo ní orí rẹ̀ ni. Olùkọ́ náà bojú wo gíláàsì, ó bojú wo ìwé, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní òun kò lè tẹ̀ ẹ́ báyìí. Bí òun bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, àwọn ọmọ tó gbọ́n yóò fi Bàbá ṣẹ̀sín. Bí òun bá sì tún un ṣe láìgba àṣẹ, òun ti yí ọ̀rọ̀ àgbà padà. Kí n lọ bi Bàbá ohun tó fẹ́. Ó ní kí kọ̀ǹpútà tẹ bí eré ẹṣin náà ṣe máa lọ títí dé òpin, àti gbogbo ibi tó lè yà sí, jáde fún mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ páànù, bébà oníhò létí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Nínú mọ́tò tó gbé mi bọ̀, mo rò ó pé kí n sọ pé mi ò bá a nílé. Mo rò ó títí a fi wọ Ìgbó-Ọrà. Bàbá ń ṣàìsàn. Ìwé yẹn ló kù fún un. Ṣùgbọ́n ohùn mi ló kà á síta níjọ́un, mi ò sì fẹ́ fi ohùn kan náà bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn Alásárì, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kí n gbé pátákó onígi wá, kí n to ogun náà. Mo tò ó. Ó fi ọwọ́ òsì pa ẹṣin, mo wo bébà, mo rin èyí tó wà níbẹ̀. Ó dáhùn, mo tún wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ. Ó fa ayaba rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Bí mo bá wá sí ibí ńkọ́?" Bébà ní èsì. Ó gbé ilé ìṣọ́ rẹ̀, bébà ní èsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yà kúrò lọ́nà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀nà náà padà gbé e dé ibì kan náà. Ní ìrìn kejìlá, ọba rẹ̀ dúró ní kọ̀rọ̀ láìsí ibi tó lè yà sí.

Ó wò ó pẹ́. Ojú rẹ̀ kò dà bí ojú ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá wo àgbàdo ẹlòmíràn ni, tó sì mọ iṣẹ́.

Ó ní, "Ó rí i."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ̀rọ náà lágbára púpọ̀.

"Ẹ̀rọ kọ́ ni mò ń wí."

Ó bi mí bó ti pẹ́ tó kí ti Èrúwà tó rí i. Mo ní kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń bu omi mu. Ó mi orí, ó tún mi orí. Ó bi mí bóyá olùkọ́ náà ń fi pupa kọ ohun tí tirẹ̀ bá sọ. Mo ní rárá, pé òmíràn ló ń retí.

Ó ní, "Wọ́n gbọ́n jù wá lọ." Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n tẹ ìwé náà bó ṣe wà, kí wọ́n má yọ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ irú ẹ̀rọ tí a lò àti ọdún rẹ̀ sí orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ibi tí a ríran dé nìyí.

Mo ń kó àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tó ní, "Ta ló kà á síta lọ́jọ́ náà?"

Mo ní èmi ni, sà.

"Èmi ni mo ní kí o kà á."

Ẹnu rẹ̀ tún là bí ẹni tó fẹ́ ránni níṣẹ́. Mo dúró. Àgbà tó ní kí ènìyàn dìde lójú èrò, kì í rọrùn fún un láti ní kí wọ́n lọ pe ẹni náà wá. Kò rán mi. Ó yíjú sí ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó pè mí nínú ilé, mo ti gbálẹ̀, mo sì ti gbé omi ìwẹ̀ Bàbá kaná. Mo ká bébà oníhò náà sí mẹ́rin, mo kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: *Bàbá ti ta á dópin.* Mo gba ojú ọ̀nà Ìdèrè lọ. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ṣì wà ní títì. Mo ti bébà náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé títí etí rẹ̀ kò fi hàn síta mọ́, mo yí padà, mo ti rìn tó ilé méjì. Ìgbà náà ni mo dúró. Mo padà síbẹ̀, mo jókòó sórí ìtì igi tó wà níwájú ilẹ̀kùn, mo sì dúró de ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù.